Ẹ Ka Àwọn Tó Ń Sùn sí Ahéré Oko Kòkó

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè nínú ìwé ìròyìn yín. Ọmọ àgbẹ̀ kòkó ni mí, àbà wa kò jìnnà sí Ìdànrè, ilé bàbá mi gan-an sì ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà ìkórè tó kọjá, mo sùn sí àbà. Lóru, mo gbé tọ́ọ̀ṣì lọ sí yàrá ẹ̀yìn tí a máa ń kó àpò àti oògùn kòkó sí, mo sì bá ọkùnrin méje níbẹ̀. Orí ẹní ni wọ́n tò sí bí ẹja inú agolo. Páǹpù tí a fi ń fín oògùn wà lára ìṣó lókè orí wọn. Ọ̀kan nínú wọn wúkọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ pé èèyàn mẹ́ta ló ń bá wa ṣiṣẹ́, torí àwọn mẹ́ta tó gba iṣẹ́ ọdún lọ́wọ́ bàbá mi nìkan la máa ń dárúkọ: ará Àgatú kan, àti tẹ̀gbọ́n-tàbúrò láti Ìgedè, Ìpínlẹ̀ Bẹ́núé ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wá. Àwọn mẹ́rin yòókù wá láti ọ̀nà Kútọnu fún ìkórè nìkan, ibi tí ilẹ̀ bá sì ṣú wọn sí ni wọ́n ń sùn. Bí onílé kò bá mọ iye ẹni tó sùn sábẹ́ òrùlé rẹ̀, ta ni yóò sọ ọ́ fún ìjọba?

Bí wọ́n bá ti ń sọ pé kí a tún ibùgbé àwọn alágbàṣe ṣe, owó ni gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ béèrè. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ mìíràn ló ṣáájú owó: ibo ni wọ́n wà, mélòó sì ni wọ́n? Ètò ìkànìyàn tí a ṣe kẹ́yìn ní Nàìjíríà, oṣù kẹta ọdún 2006 ni, ìkórè ńlá ti kọjá lọ nígbà náà. Èyí tó yẹ kó wáyé ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, wọ́n sún un síwájú nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀.

Síbẹ̀, lọ́wọ́lọ́wọ́ yìí, àwọn ènìyàn ń ya àwòrán ilẹ̀ wa. Lọ́dún 2023 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣòfin pé kòkó tó bá ti orí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020 wá kò gbọdọ̀ wọ ọjà wọn. Ẹni tó bá ń kó kòkó wọlé gbọ́dọ̀ fi ibi tí oko náà wà gan-an hàn, bí oko bá sì ju hẹ́kítà 4 lọ, ààlà rẹ̀ yíká ni wọ́n gbọ́dọ̀ yà. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń fi fóònù rìn yí oko wa ká. N kò bá wọn jà, iṣẹ́ tó dára ni. Ohun tó dùn mí ni pé wọ́n kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahéré, kò sì sẹ́ni tó yà bi wọ́n léèrè pé, "Ẹ̀yin mélòó lẹ sùn síbí lánàá?" Ìbéèrè kan péré ni yóò lé sí iṣẹ́ wọn.

Àwọn kan yóò sọ pé sátẹ́láìtì lè ka òrùlé láti òkè. Ó lè kà á níbi tí ilẹ̀ bá ti gbalasa. Ṣùgbọ́n abẹ́ kòkó àti obì ni ahéré tiwa wà, páànù tó ti dípẹtà sì fara jọ ilẹ̀. Pẹ̀lúpẹ̀lù, òrùlé kì í sọ iye orí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí a ń lé àrùn rọpárọsẹ̀ kúrò ní Nàìjíríà, wọ́n fi àwòrán sátẹ́láìtì wá àwọn abúlé tí kò sí nínú ìwé, pàápàá lókè Ọya. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni wọ́n fi parí iṣẹ́ náà: àwọn obìnrin tó ń kán oògùn sọ́mọ lẹ́nu lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára ilẹ̀kùn. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020, wọ́n kéde pé kòkòrò rọpárọsẹ̀ àdáyébá ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní agbègbè Áfíríkà ti Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Kò pọn dandan kí a ka gbogbo àbà. Kí ìjọba ìbílẹ̀ ṣa díẹ̀ nínú wọn láìṣojúsàájú, kí wọ́n débẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ tí oníṣẹ́ ti dé láti oko, kí wọ́n kà wọ́n dáadáa, kí wọ́n sì fi iye yẹn gbé ti àwọn tó kù wò. Kí wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, lóṣù kẹwàá àti lóṣù kẹrin, torí èèyàn tó wà ní àbà nígbà ìkórè kọ́ ló ń wà níbẹ̀ nígbà òjò àkọ́rọ̀. Kí wọ́n bi ìyá olóúnjẹ àti ọlọ́kadà léèrè. Àwọn yẹn mọ̀ ju baálẹ̀ lọ, torí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bá àwọn oníṣẹ́ pàdé.

Mo bẹ̀bẹ̀ lórí ohun kan. Láti ìgbà tí wọ́n ti pa àwọn olùjọsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọ̀wọ̀, ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, ojú ìfura la fi ń wo àlejò ní àbà, ẹ̀rù sì ń ba àlejò pẹ̀lú. Bí wọ́n bá rí ẹni tó mú ìwé àti báírò dání, inú igbó ni wọ́n ń sá gbà. Nítorí náà, ẹ má fi ìkànìyàn yìí sọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ aláàbò. Kò sẹ́ni tó nílò orúkọ wọn. Iye orí, iye yàrá, ibi tí omi wà, bóyá ṣálángá wà, ibi tí wọ́n ń kó oògùn sí: ìwọ̀nyí la nílò.

Bàbá mi ti gbà kí a kó oògùn kúrò nínú yàrá yẹn. A ti ń mọ yàrá méjì sí i, ògiri wọn ti dé ìbàdí. N kò tíì lè sọ bóyá méjì yóò tó. Ó di ìgbà tí àwọn tó ń bọ̀ fún ìkórè bá dé kí n tó mọ̀.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ àgbẹ̀ kòkó kan,
Ìdànrè, Ìpínlẹ̀ Oǹdó