Bí ẹ̀rọ bá sọ pé rárá, ta ni ká lọ bá?

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lórí ọgbọ́n àtọwọ́dá, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ṣe bí ẹni ń ronú, èyí tí wọ́n ń pè ní AI, àti bó ṣe ń ti ẹnu iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn. Ẹ gbìyànjú. Àmọ́ ìbéèrè tí ẹ fi parí rẹ̀, pé ṣé ẹ̀rọ máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa, kọ́ ló ń jẹ àwa lọ́kàn ní Ìkòròdú. Ẹni tó bá mọ ilé iṣẹ́ ìrẹsì tí wọ́n ṣí ní Ìmọ́tà ní oṣù kìíní ọdún 2023, tó lágbára láti ṣe tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan, ti mọ̀ pé ọwọ́ èèyàn ò lè bá ẹ̀rọ du eré. Èyí tó ń dùn wá ni ibi tá a máa lọ bí ẹ̀rọ bá sọ fún wa pé rárá.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni mí. Ìyá kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tí wọ́n ń ta ẹja gbígbẹ. Owó ọwọ́ ni àwọn oníbàárà wọn ń san, alájọ ló sì ń gba èyí tó bá ṣẹ́ kù. Wọ́n tọrọ owó lórí áàpù ẹ̀yáwó kan, kí wọ́n tó gbé fóònù sílẹ̀ èsì ti dé: wọn ò kúnjú òṣùwọ̀n. Kò sí àlàyé kankan. Ọmọ wọn pe nọ́ńbà tó wà níbẹ̀, ẹ̀rọ ló gbé e. Ó kọ̀wé sí àwọn tó ni áàpù náà, ẹ̀rọ ló tún fèsì, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì sọ. Irú áàpù bẹ́ẹ̀ máa ń wo bí owó ṣe ń wọ àkáǹtì tó sì ń jáde, àti ìtàn gbèsè téèyàn ti jẹ lórí ẹ̀rọ. Kò mọ alájọ. Kò mọ̀ pé ìyá yìí kì í jẹ́ kí ọjọ́ pé kí wọ́n tó san owó ẹgbẹ́. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà, ṣùgbọ́n eléyìí ò tiẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kankan rárá.

N ò sọ pé kí wọ́n kó ẹ̀rọ dànù o. Ìgbìmọ̀ tó ń yáni lówó nínú ẹgbẹ́ tiwa náà máa ń ṣe ojúsàájú, ẹ̀rọ kì í sì gba ẹ̀gúnjẹ. Ibi tí wọ́n fi í sí ni mò ń bá jà.

Ẹ wo àwọn oníṣègùn. Lọ́dún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé ẹ̀rọ lè ka àwòrán X-ray àyà ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 15 láti wá àmì ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ìrànlọ́wọ́ ńlá ni, torí dókítà tó mọ irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kà kò pọ̀. Síbẹ̀ ẹ̀rọ kọ́ ló ń pe ẹnikẹ́ni ní oníkọ́ ẹ̀gbẹ. Bó bá fura, wọ́n á ní kí onítọ̀hún tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sínú ike, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, ibẹ̀ ni òótọ́ ti máa jáde. Bákan náà ni áàpù Nuru, tí Yunifásítì Penn State ní Amẹ́ríkà àti IITA, àjọ tó ń ṣèwádìí lórí iṣẹ́ àgbẹ̀, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, jọ ṣe. Àgbẹ̀ á na fóònù sí ewé ẹ̀gẹ́, áàpù á sọ àrùn tó rò pé ó ń ṣe é, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Bó bá ṣì í, àgbẹ̀ ṣáà wà nínú oko rẹ̀, ó ń fi ojú ara rẹ̀ wo ewé náà.

Tọ́rọ̀ bá wá di ti owó àti ti iṣẹ́, atọ́nà yìí kan náà á di adájọ́. Lọ́dún 2018 ni ìròyìn jáde pé Amazon, ilé iṣẹ́ tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti pa ẹ̀rọ kan tì, èyí tó ń ṣa ìwé àwọn tó ń wáṣẹ́. Ìwé tí wọ́n ti ń gbà láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ni wọ́n fi kọ́ ọ, ti ọkùnrin ló pọ̀ jù níbẹ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í já ìwé àwọn obìnrin wálẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló rí i. Obìnrin tó kọ̀wé wáṣẹ́, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀?

Ti ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Air Canada ló pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè lórí ìkànnì wọn sọ fún ọkùnrin kan tí ìyá rẹ̀ àgbà kú pé ó lè padà wá gba ẹ̀dínwó tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ lẹ́yìn tó bá ti wọkọ̀ òfuurufú tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tọ́rọ̀ dé iwájú ìgbìmọ̀ adájọ́ ní Kánádà, ilé iṣẹ́ náà ní ẹ̀rọ yẹn dá dúró, kí ó dáhùn fún ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀! Ní oṣù kejì ọdún 2024, ìgbìmọ̀ náà ní kí ilé iṣẹ́ ọ̀hún sanwó fún un.

Àwa náà ní òfin. Abala 37 nínú Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 sọ pé èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti má ṣe gba ìpinnu ńlá nípa ara rẹ̀ tó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ nìkan ló ṣe é. Ó fàyè sílẹ̀ fún irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ níbi tí àdéhùn tàbí ìyọ̀ǹda ẹni náà bá wà (gbogbo wa la sì ń tẹ "mo gbà" láì kà á). Ṣùgbọ́n níbẹ̀ náà, ẹni tọ́rọ̀ kàn lè ní kí èèyàn ẹlẹ́ran ara bá òun dá sí i, ó lè sọ tẹnu rẹ̀, ó sì lè ta ko ìpinnu náà. Nígbà tí mo ka èyí fún ìyá ẹlẹ́ja, ohun tí wọ́n bi mí ni pé, "Akọ̀wé, nínú ọ́fíìsì wo ni ẹlẹ́ran ara ọ̀hún jókòó sí?" N ò rí èsì fún wọn.

Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí gbogbo áàpù ẹ̀yáwó kọ nọ́ńbà èèyàn gidi sábẹ́ èsì tí wọ́n bá fi kọ̀ fúnni, ẹni tó gbọ́ Yorùbá, tó sì láṣẹ láti yí èsì náà padà. Ẹ̀yin ẹ̀wẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ abala 37 yẹn jáde ní Yorùbá tó yé ọlọ́jà. Bẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, a ó gé e, a ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri níbi tá a ti ń ṣèpàdé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan,
Sábó, Ìkòròdú.