Lẹ́tà sí Akim Aliu

Àbúrò mi Akim,

O ò mọ̀ mí. Calgary ní Kánádà ni mo ń gbé, mo sì fẹ́ràn họ́kì orí yìnyín, eré tí àwọn ará ilé mi ní Ìbàdàn ń pè ní eré àwọn tó ń yọ̀ ṣubú. Nígbà tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pé ọmọ tí wọ́n bí ní Nàìjíríà ti gbá a rí nínú NHL, líìgì họ́kì tó ga jù ní Kánádà àti Amẹ́ríkà, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ẹ̀ẹ̀melòó?" Mo ní ẹ̀ẹ̀méje. Ló bá bú sẹ́rìn-ín.

Lóòótọ́, méje ni. Ní oṣù kẹrin ọdún 2012, Calgary Flames, ẹgbẹ́ NHL ìlú wa níbí, pè ọ́ sókè nígbà tí sáà fẹ́ parí. Eré méjì péré ló kù, o jẹ góòlù méjì. Ọjọ́ kan náà lo jẹ méjèèjì, ẹgbẹ́ Anaheim lẹ bá gbá. Nígbà tó di sáà kejì, wọ́n fún ọ ní márùn-ún sí i, ó tán.

Àmọ́ kí ni ẹni tó ń ka méje mọ̀? NHL ló wà lókè, AHL wà lábẹ́ rẹ̀, ECHL sì tún wà nísàlẹ̀ ìyẹn. Ẹgbẹ́ òkè ló ni ìwé àdéhùn ẹ, wọ́n á sì máa gbé ọ kiri bí ọmọṣẹ́ tí ọ̀gá kan ń yá ọ̀gá mìíràn. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NHL ń ṣa àwọn ọ̀dọ́ eléré lọ́dún 2007, Chicago mú ọ ní ipò 56. Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún 2010, tí ife-ẹ̀yẹ Stanley, ife NHL, ṣì wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n pa ọ́ pọ̀ mọ́ eléré wọn Dustin Byfuglien, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Atlanta. Ọdún kan lẹ́yìn náà, Atlanta fúnra rẹ̀ kó ẹrù lọ sí Winnipeg. Ta ni kò ní sú?

Ìwọ tó o dàgbà ní Kyiv ní Ukraine kó o tó dé Toronto, tó jẹ́ pé èdè Rọ́ṣíà lo ń sọ, tó o pẹ́ kó o tó wọ bàtà onírin. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni ọ́ nínú ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ní Windsor lọ́dún 2005 nígbà tí o kọ̀ láti bọ́ra sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì fún ìwọ̀sí tí wọ́n fi ń gba ọmọ tuntun, tí ọmọ ẹgbẹ́ ẹ sì gbá ọ léyín. Sáà 2009 sí 2010 ní Rockford, ẹgbẹ́ AHL tó wà lábẹ́ Chicago, akọ́nimọ̀ọ́gbá Bill Peters bú ọ torí àwọ̀ ẹ, torí orin tó ń dún nínú yàrá ìmúra. O dá a lóhùn. Toledo, nínú ECHL, ni wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí. Ọdún mẹ́wàá lo fi gbé e mọ́ra, nígbà tó sì di oṣù kọkànlá ọdún 2019 tí o sọ ọ́ síta, ìlú wa níbí gbóná. Peters gbà pé òun sọ ọ̀rọ̀ náà, ó tọrọ àforíjì, ó sì fi iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Flames tó ń ṣe nígbà náà sílẹ̀.

Mi ò ní sọ pé méje ìbá di 700 ká ní Toledo ò sí. Ta ló lè mọ̀? Eléré tó mọ họ́kì gbá pọ̀ jù àyè tó wà lókè lọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹgbẹ́ Litvínov ní orílẹ̀-èdè Czech ṣì fún ọ níṣẹ́ ní sáà yẹn kan náà. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ kì í rí ẹni gbà á síṣẹ́ láti ìlú dé ìlú bẹ́ẹ̀. Èmi kì í rẹ́rìn-ín sí irú rẹ̀.

Gbogbo ayé ti bi ọ́ nípa Peters, wọ́n sì ti bi ọ́ nípa Hockey Diversity Alliance, ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà nínú họ́kì, tí ẹ dá sílẹ̀ lọ́dún 2020. Ìbéèrè tèmi kéré. Ní Toledo, ta ló ń bá ọ pọ́n irin bàtà ẹ? Kí lẹ máa ń jẹ nínú bọ́ọ̀sì lóru? Tí wọ́n bá sì tẹ̀ ọ́ láago pé kí o kó ẹrù, kí lo máa ń kọ́kọ́ jù sínú àpò?