Oṣù kan ni wọn ò san, àmọ́ oṣù méjì lebi ẹ̀

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Tísà pírámárì ni mí ní súkúù aládàáni kan níbí ní Ṣágámù, ọdún kẹsàn-án mi rèé. Táwọn èèyàn bá gbọ́ pé wọn kì í sanwó August fún wa, wọ́n á ní ṣebí oṣù kan péré ni. Kì í ṣe oṣù kan o! Owó July tí wọ́n bá fún wa ká tó lọ ọlidé, òun la máa jẹ títí September á fi parí, torí ìgbà tá a bá ṣiṣẹ́ September tán lowó míì tó wọlé, ẹ kà á wò, ó lé ní ọgọ́ta ọjọ́, September yẹn náà sì lọmọ tiwa fẹ́ ra ìwé àti bàtà.

Ọdún àkọ́kọ́ mi, mi ò mọ̀. Ìjẹ̀bú-Òde nilé bàbá mi, ọjọ́ kẹta Iléyá sì ni Ojúde Ọba, níbi tí régbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tọ́jọ́ orí wọn sún mọ́ra, ti máa ń wọ aṣọ kan náà. Mo ra aṣọ régbérégbé, mo ra gèlè, nígbà tí August dé, gàrí la ń mu láàárọ̀, òun náà la tún ń tẹ̀ lálẹ́.

Ní báyìí September ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀. 200 náírà lójúmọ́ ni mò ń dá fún alájọ, mo sì ti sọ fún un pé kó má kó o fún mi àfi tá a bá gba ọlidé. Owó ọjọ́ kan lóṣù ni tiẹ̀, mi ò sì rò pé ó pọ̀ jù, torí tówó bá wà ní báǹkì mo lè fi ATM yọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ tọ́kàn mi bá fà sí nǹkan, àmọ́ kí n tó lọ bá alájọ ní March, ojú á kọ́kọ́ tì mí. Tó bá fi máa di July ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún 60. Láti May ni mo ti ń ra ọṣẹ àti gàrí pa mọ́, gàrí Ìjẹ̀bú tó bá yan dáadáa kì í tètè bàjẹ́. Mo tún ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò níwèé gbowó, ṣùgbọ́n mi ò ka owó yẹn mọ́ ọn, àwọn òbí míì lè má san án títí wọ́n á fi wọlé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni súkúù, mo mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún lowó súkúù ń wọlé, kò sì sí tAugust níbẹ̀. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń san 36,000 fún oṣù 11, 396,000 nìyẹn, tẹ́ ẹ bá pín in sí 12, 33,000 lóṣooṣù ni, kọ́bọ̀ ò sí nínú ẹ̀ tó máa lé lówó yín. Kẹ́ ẹ ṣáà bi wá ká tọwọ́ bọ̀wé, kẹ́ni tó bá fiṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọdún sì gba gbogbo 3,000 tẹ́ ẹ ti ń bá a tọ́jú lóṣooṣù. Nísinsìnyí ni kẹ́ ẹ pe mítìn-ìn ẹ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó di ọjọ́ tá a ti ń to àga síra wọn ní kíláàsì.

Èmi ni,
Tísà kan ní Ṣágámù, Rẹ́mọ