Píọ̀ wọ́tà méjì ni: ẹ kọ ọ́ sára àpò oògùn ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé

Sí Olóòtú,

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, n kò sì ní fi bò. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ-ọmọ mi, ọmọ oṣù mẹ́wàá, bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ olómi ní òru ọjọ́ Ajé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá rẹ̀ pọ̀n ọ́n, ó di ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní àdúgbò. Lẹ́yìn tí wọ́n ti jókòó láti aago mẹ́jọ títí di ọ̀sán, wọ́n fún un ní àpò ORS méjì, ìyẹn oògùn oníyẹ̀fun tó ní iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń fi omi pò fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru, àti oògùn síǹkì páálí kan, wọ́n ní, "Ẹ lọ máa pò ó fún un." Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá a sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọbìnrin mi délé, ó gé ẹnu píọ̀ wọ́tà kan, ó da odidi àpò oògùn kan sí i, ó sì ń fi ṣíbí bù ú fún ọmọ.

Ọmọ ń tu ú dànù, ó ń ké, ìgbẹ́ kò sì dáwọ́ dúró. Nígbà tí mo débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mo fọwọ́ kan àwùjẹ̀ rẹ̀, ó ti jìn wọlé. Ojú rẹ̀ ti wọnú, ó sì ń sunkún láìsí omijé. Mo tọ́ omi tí ó pò náà wò. Ó níyọ̀ ju ọbẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n kọ́ àwa ìyá ayé ijọ́sí ni pé omi tí a bá pò fún ọmọ tó ń ṣu kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Mo wá awò ojú mi, mo yẹ ẹ̀yìn àpò náà wò, mo sì rí i ní èdè òyìnbó, pẹ̀lú lẹ́tà tó rí bí ẹsẹ̀ èèrà, pé lítà omi kan ni kí a fi pò ó. Píọ̀ wọ́tà kan kì í ṣe lítà kan. 50cl ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Méjì ló di lítà kan. Ìlọ́po méjì iyọ̀ tó yẹ ni ọmọ mi ti ń fún ọmọ rẹ̀ láti ọ̀sán àná, nílé ẹni tó ka ìwé gboyè HND.

Iyọ̀ àpọ̀jù kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé kò dùn lẹ́nu. Omi inú ara ni yóò máa fà wá sínú ìfun, ìgbẹ́ á tún pọ̀ sí i, tó bá sì le jù, ó lè di gìrì. A sáré gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà aládàáni kan, ó wò ó, ó ní a tètè dé. Òun ni ó jókòó ti ọmọbìnrin mi, tó là á yé e pé píọ̀ wọ́tà méjì ni kí ó dà sínú abọ́ tó mọ́, kí ó da odidi àpò sí i lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó máa fún ọmọ ní bí 50 sí 100 mílílítà ní gbogbo ìgbà tó bá ti yàgbẹ́, díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí. Bí ó bá bì í, kí ó sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀. Kí ó má dá ọmú dúró. Kí ó sì da èyí tó bá ṣẹ́kù nù lẹ́yìn wákàtí 24. Gbogbo ọ̀rọ̀ yìí kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Nígbà tí à ń dúró níbẹ̀, mo bi àwọn ìyá méjì tó jókòó tì wá. Ọ̀kan ní inú ìgò omi oní 75cl ni òun máa ń pò ó sí. Èkejì ní òun máa ń bù díẹ̀ nínú àpò sínú ife, òun á wá ká ẹnu èyí tó kù pamọ́. N kò bi ẹnì kẹta.

Àwọn aláṣẹ ìlera kò dákẹ́ láti máa bá wa wí lórí àgbo, wọ́n ní a kò mọ ìwọ̀n. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, n kò sì ní gbè fún ẹni tó ń da ìtọ̀ màlúù sí ọmọ tí gìrì mú lẹ́nu, nítorí a ti rí àwọn tí ìyẹn pa. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí ọjà Bódè nílùú Ìbàdàn, kí ẹ ra ewé lọ́wọ́ ẹlẹ́wé ọmọ. Yóò bi yín pé ọmọ ti tó oṣù mélòó, yóò sọ iye omi tí ẹ ó fi sè é, yóò sọ ife tí ẹ ó fi bù ú láàárọ̀ àti lálẹ́, gbogbo rẹ̀ ní Yorùbá, ẹ kò sì ní kúrò níwájú rẹ̀ títí yóò fi yé yín. Oògùn ìjọba tó dáńgájíá, tó ti gba ẹ̀mí ọmọ là káàkiri ayé, ni wọ́n ń nà sí wa bí ìgbà tí èèyàn na ìwé owó orí. Ta ni kò wá mọ ìwọ̀n nínú àwọn méjèèjì?

Kì í ṣe pé a kò ṣe é rí. Láàárín 1985 sí 1992, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti jẹ́ mínísítà ìlera, kò sí ìyá ọmọ tí kò gbọ́ nípa omi iyọ̀ àti ṣúgà, yálà lórí rédíò tàbí ní ibi tí a ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ìgò bíà àti ìgò míníràlì ni wọ́n fi kọ́ wa ní ìwọ̀n, nítorí òun ló wà nílé oníkálukú. Ìgò wọ̀nyẹn kò fi bẹ́ẹ̀ sí nílé oníkálukú mọ́ báyìí, píọ̀ wọ́tà ló gba ipò wọn, àwọn tó yẹ kí wọ́n mọ̀ kò sì mọ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò tóbi. Kí wọ́n ya àwòrán píọ̀ wọ́tà méjì gàdàgbà sí iwájú gbogbo àpò ORS oní lítà kan, kí wọ́n sì kọ "PÍỌ̀ WỌ́TÀ MÉJÌ" sí abẹ́ rẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ ní Haúsá àti Ígbò pẹ̀lú. Èyí tó bá jẹ́ àpò kékeré, kí wọ́n ya iye omi tirẹ̀ sí i. Ẹni tí kò mọ̀wé yóò ka àwòrán, ẹni tó mọ̀wé tí oorun ń kùn, tí ọmọ ń ké sí lọ́rùn, yóò rí i láìwá awò ojú. Kí wọ́n lẹ irú àwòrán kan náà mọ́ ara ògiri ilé ìwòsàn, kí wọ́n sì kọ sí abẹ́ rẹ̀ ohun tí a lè ṣe bí ORS kò bá sí: píọ̀ wọ́tà méjì, ṣíbí ìpotíì mẹ́fà ṣúgà tí a gé orí rẹ̀ dọ́gba, ààbọ̀ ṣíbí náà fún iyọ̀. Nígbà ìbò, àwọn aláṣẹ wa mọ Yorùbá í kọ sára ògiri dáadáa, wọ́n sì ń ya àwòrán sí i.

Síǹkì náà ńkọ́? Ìgbẹ́ dá lọ́jọ́ kẹta, ọmọbìnrin mi ti fẹ́ gbé e jù sí orí kọ́bọ́ọ̀dù. Ọjọ́ 10 sí 14 ni wọ́n ń lò ó, hóró kan oní mìlígíráàmù 20 lójúmọ́, ìdajì fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Kí àwọn oníkẹ́mísì náà yé sọ fún wa pé ehín ló ń hù: ehín kì í fa ìgbẹ́ gbuuru, oògùn ehín tí wọ́n ń pè ní My Pikin sì ti ba kíndìnrín àwọn ọmọ jẹ́ nílẹ̀ yìí ní 2008, tí ọmọ 84 fi kú.

Ní ọjọ́ Ẹtì, mo gé páálí kan, mo fi bírò pupa ya píọ̀ wọ́tà méjì sí i, mo kọ ọ́ gàdàgbà, mo sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn náà pé kí wọ́n bá mi lẹ̀ ẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ń pín oògùn. Nọ́ọ̀sì tó gbà á lọ́wọ́ mi wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ó dáa o, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i láti òkè kí a tó lè lẹ ohunkóhun mọ́ ògiri." Mo gbé e padà sílé. Ẹnikẹ́ni tó bá ń bẹ ní òkè, tó sì lè fọwọ́ sí i, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn mi ni páálí náà wà.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Ìbàdàn