Kì í ṣe gbogbo ojú tó pọ́n ni ibà

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé lẹ́tà yìí jáde, torí ọ̀rọ̀ ọ̀hún ń dùn mí wọra. Lọ́dún tó kọjá ni ojú bọ̀ọ̀dá mi pọ́n, gbogbo wa ní ibà pọ́njú ni, ìyá wa se àgbo, oníkẹ́mísì àdúgbò wa fún un ní oògùn ibà àti ti táyífọ́ọ̀dù, bẹ́ẹ̀ la ṣe lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko. Ara wá ń yún un, lóru ló máa ń fi ìyarun họ ẹ̀yìn títí tí ẹ̀jẹ̀ á fi kan aṣọ tó fi bora. Ìtọ̀ ẹ̀ dúdú bíi kóòkì, ìgbẹ́ ẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ. Òun nìkan ló mọ̀, torí ta ló máa ń bi àgbàlagbà léèrè ìgbẹ́ ẹ̀?

Dókítà tó ṣe síkáànù fún un ló là wá lóye. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe òróòro, òróòro á wá gba ọ̀nà tóóró kan lọ sínú ìfun, òun ló ń fún ìgbẹ́ láwọ̀. Ọ̀nà yẹn gba orí pancreas kọjá, ìyẹn ẹ̀yà ara kan tó sùn sẹ́yìn àpò oúnjẹ. Tí òkúta bá dí i, tàbí tí jẹjẹrẹ bá hù síbẹ̀, òróòro á padà sínú ẹ̀jẹ̀, ni ojú á bá pọ́n, ara á máa yún. Ti bọ̀ọ̀dá mi, jẹjẹrẹ ni.

Ọpurésàn kan wà tí wọ́n ń pè ní Whipple, wọ́n á gé orí pancreas, àpò òróòro àti apá kan ìfun kúrò, wọ́n á tún èyí tó kù so pọ̀, ó lè gba wákàtí mẹ́fà. Ọwọ́ tó ń ṣe é lemọ́lemọ́ ló ń mọ̀ ọ́n, ìwádìí l'Amẹ́ríkà ti fi hàn pé níbi tí wọ́n ti ń ṣe é púpọ̀ lọ́dún, aláìsàn kì í kú tó ti ibi tí wọ́n ti ń ṣe ẹyọ kan tàbí méjì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kó iṣẹ́ ọ̀hún jọ sí ọsibítù díẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Àmọ́ ó ti pẹ́ jù fún bọ̀ọ̀dá mi, jẹjẹrẹ náà ti ràn dé ẹ̀dọ̀. Rọ́bà kékeré kan ni wọ́n gba ẹnu ẹ̀ tì sí ọ̀nà òróòro yẹn, ara yíyún náà rọlẹ̀, ó sì rí oorun sùn. Oṣù kẹrin lẹ́yìn ìyẹn ló kú.

Ẹ̀yin gómìnà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá, ẹ da owó pọ̀, ẹ mú ọsibítù ńlá kan, ẹ kó àwọn dókítà tó mọ ẹ̀dọ̀, òróòro àti pancreas síbẹ̀, pẹ̀lú irinṣẹ́ àtàwọn nọ́ọ̀sì tó máa ṣọ́ aláìsàn lẹ́yìn ọpurésàn, kí gbogbo ọsibítù yòókù máa tètè darí wọn síbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí náà, tí ojú ẹnì kan bá pọ́n nílé yín, ẹ má tijú, ẹ bi í báwo ni ìgbẹ́ ẹ̀ ṣe rí, tó bá funfun, ẹ gbé e lọ ṣe síkáànù lọ́sẹ̀ yẹn gan-an.

Èmi àbúrò olóògbé,
Ìbàdàn.