Ẹ Fi Etí Títì Sílẹ̀ fún Ẹlẹ́sẹ̀ ní Òṣogbo

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Aláró ni mí ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun, Òṣogbo. Orí ni mo fi ń ru àdìrẹ lọ fún àwọn oníbàárà mi, láti ilé wa, gba Ọjà Ọba, títí dé oríta Ọláìyá.

Lóṣù tó kọjá, kòròpé kan yà fún kòtò, ó sì forí lé mi. Kò síbi tí mo fẹ́ sá sí. Gọ́tà tí kò ní ìdérí ló wà láàárín èmi àti àwọn ìsọ̀. Inú rẹ̀ ni mo bá ara mi, èmi àti aṣọ ẹbí ìgbéyàwó tí mo fi ọjọ́ mẹ́jọ rẹ láró. Títí di òní, orúnkún mi kò jẹ́ kí n kúnlẹ̀ kírun dáadáa.

Nígbà tí ìyá ìyá mi ń tajà, ẹsẹ̀ ló fi ń dé ibi gbogbo, ìlú kò tíì fẹ̀. Láti 1991 tí a ti di olú-ìlú ìpínlẹ̀, ilé ti kún dé Ọta-Ẹ̀fun, ọ́fíìsì ìjọba sì wà ní Abéré. Ọkọ̀ méjì ni ọmọ mi ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, méjì bọ̀. Ẹni tí kò bá ní owó ọ̀kadà, ẹsẹ̀ náà ni. A sì pọ̀: ọmọ ilé ìwé, alákàrà, àwọn àgbà tó ń lọ sí ọsibítù.

Inú mi dùn pé wọ́n ń fẹ títì. Afárá tí wọ́n kọ́ sí Ọláìyá, ọlọ́kọ̀ ló ń jàǹfààní rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí títì bá ṣe ń fẹ̀ sí i ni ọkọ̀ ń sáré sí i, ẹni tó fẹ́ sọdá á wá dúró títí.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò wọ́n tó afárá. Kí wọ́n fi kọnkéré bo gọ́tà, ká lè máa rìn lórí rẹ̀. Kí wọ́n kun ìlà ìsọdá síwájú ilé ìwé àti ọjà, kí wọ́n gbin igi, oòrùn ọ̀sán ń pa wá. Kí kòròpé àti ọ̀kadà ní ibi tí wọn yóò ti máa gbé èrò. Àwa oníṣòwò náà jẹ̀bi o: àwọn kan nínú wa ti tẹ́ ọjà dé ojú títì. Mo ti sọ ọ́ níwájú wọn ní ìpàdé.

Kí ìjọba bẹ̀rẹ̀ láti Ọjà Ọba sí Ọláìyá. Gọ́tà tí mo já sí ṣì là sílẹ̀ títí di àárọ̀ yìí.

Ìyá Aláró,
Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun, Òṣogbo.