Ìkéde: ọ̀rọ̀ aláìsàn tí a ó gbé síwájú àwọn dókítà àgbà

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́jọ́bọ̀, aago 2 ọ̀sán, a ó tún bá àwọn dókítà onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ṣèpàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Irú ètò yìí ni dókítà kan, Sanjeev Arora, bẹ̀rẹ̀ ní New Mexico, Amẹ́ríkà, lọ́dún 2003, kí àwọn tó ní hepatitis C, àrùn ẹ̀dọ̀ kan, lè rí ìtọ́jú gidi nítòsí ilé wọn.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ aláìsàn yín ránṣẹ́ sí akọ̀wé kó tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ má kọ orúkọ tàbí àdúgbò rẹ̀ rárá. Bó bá jẹ́ egbò ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ, ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ egbò náà, kí ẹ tó ya fọ́tò. Ojú rẹ̀ ò gbọdọ̀ hàn. Ẹ kọ gbogbo oògùn tó ń lò, àti àgbo pàápàá, nítorí àgbo lè da iṣẹ́ oògùn rú, òun la sì máa ń gbàgbé jù.

Ìbéèrè yín ló ṣe pàtàkì jù. “Kí la ó ṣe?” kò tó. “Ṣé ká gbé e lọ sí ọsibítù ńlá, àbí ká ṣì máa wẹ egbò náà níbí?” lèyí tí wọ́n lè dáhùn.

Elégbò tí ibà mú tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń dúdú, ẹ má fi dúró de Ọjọ́bọ̀ o. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀.